Ṣé Ó Tọ́ Kí Onígbàgbọ́ Ra Ọkọ̀ Àtijọ́ Nítorí Ìgbádùn?

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí mo fúnra mi rò kàn. Ní ìpàdé àwọn ọkùnrin ìjọ, nígbà tí a ti jẹun tán tí a ń retí àdúrà ìparí, alàgbà kan dìde, ó ní òun ní ìbéèrè. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti wa takisí ní ìlú Chicago yìí fún ọdún 24. Ó fi owó takisí náà rán ọmọ mẹ́rin lọ sí yunifásítì, ó kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀ kí ìyá náà tó sùn nínú Olúwa, kò sì sí ìkójọ owó kan nínú ìjọ yìí tí kò lọ́wọ́ sí. Ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí, òun sì fẹ́ ra MGB kan kí òun tó kú. Àwọn tí ó mọ ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń bi ara wọn léèrè bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Fún àǹfààní àwọn wọ̀nyí, MGB jẹ́ ọkọ̀ kékeré kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ìlú Abingdon láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980. Ènìyàn méjì ni ó wà fún. Ó kúrú, ó sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ kan títì. Òrùlé rẹ̀ a máa ṣí. Irú rẹ̀ ni a ń pè ní ọkọ̀ spọ́ọ̀tù. Kì í ṣe ọkọ̀ tí a fi ń lọ pàdé ìyá ìyàwó ní pápákọ̀ òfuurufú O'Hare, nítorí kò sí ibi tí ẹrù màmá yóò gbà. Wọ́n ṣe ju 500,000 lọ nínú rẹ̀, púpọ̀ sì wá sí Amẹ́ríkà. Ìdí nìyí tí ó fi wà lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè rà láìta ilé rẹ̀.

Alàgbà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun nígbà tí òun kọ́kọ́ rí i ní Ìbàdàn. Dókítà ọ̀dọ́ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú Ọba dé ni ó wà á gba Mọ́kọ́lá kọjá, ó ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, aṣọ funfun ló wọ̀. Òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ ìyá òun lórí, òun sì ń wò ó títí ó fi pẹ́ kọrọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ yẹn ti wà lọ́kàn òun. Gbogbo òru tí òun fi ń wa takisí lójú Lake Shore Drive, MGB ni òun ń wà nínú ọkàn òun.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ dàrú. Ẹnì kan ní owó yẹn lè gbẹ́ kànga fún odidi abúlé kan. Ẹlòmíràn ní owó ara rẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òfin dè é. Ẹnì kẹta bèèrè bóyá ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́. Alàgbà ní kò tíì gbọ́. Ẹ̀rín tí a rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé gbọ̀ngàn. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n ní kí èmi tí mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi dáhùn. Mo ní kí wọ́n yọ̀ǹda oṣù kan fún mi. Ìdáhùn náà nìyí, bí ó bá jẹ́ ìdáhùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ èyí tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà kúrò. Kì í ṣe bóyá onígbàgbọ́ lè ní ọkọ̀ ni a ń sọ. Nínú ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù, tí bọ́ọ̀sì kì í sì í tètè dé, ọkọ̀ kì í ṣe fàájì. Èyí tí a ń sọ ni ọkọ̀ kejì tàbí ìkẹta, tí kò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ síbi iṣẹ́, tí yóò sùn sínú ilé ọkọ̀ fún oṣù márùn-ún nínú ọdún, tí a fẹ́ kìkì nítorí pé ó lẹ́wà, tí wíwà rẹ̀ sì dùn.

Bí mo ti ń ronú lórí rẹ̀, mo rántí pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi irú ọkọ̀ yìí gan-an ṣe àpèjúwe. Ní ọdún 1996, Peter Unger, tí ó ń kọ́ni ní New York, gbé ìtàn kan jáde nínú ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1999, Peter Singer, ará Australia tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Yunifásítì Princeton nígbà náà, tún un sọ fún gbogbo ayé nínú ìwé ìròyìn New York Times. Ìtàn náà lọ báyìí.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Bob. Kò jìnnà sí ìfẹ̀yìntì mọ́. Ó ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó ìpamọ́ rẹ̀ sórí ọkọ̀ Bugatti àtijọ́ kan, irú èyí tí kò wọ́pọ̀ mọ́ láyé, kò sì rí ìbánigbófò gbà fún un. Ó fẹ́ràn láti máa wà á, ó fẹ́ràn láti máa nù ún. Ju ìyẹn lọ, ó mọ̀ pé iye owó rẹ̀ ń gòkè, pé ọjọ́ tí òun bá fẹ́ tà á, òun yóò fi owó rẹ̀ jẹun títí dọjọ́ alẹ́. Ní ọjọ́ kan ó wà á jáde, ó gbé e sí ìdí ojú irin kan tí a kò lò mọ́, ó sì ń fẹsẹ̀ najú lọ. Lójijì ni ó rí rélùwéè kan tí ń sáré bọ̀ láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ní iwájú lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọdé kan wà lójú irin. Kò sí bí Bob ṣe lè dá rélùwéè dúró, ọmọ náà sì jìnnà jù láti gbọ́ igbe. Ṣùgbọ́n ọ̀pá irin kan wà nítòsí rẹ̀ tí a fi ń darí rélùwéè. Bí ó bá fà á, rélùwéè yóò yà sí ọ̀nà tí a kò lò mọ́, ọmọ yóò yè, Bugatti yóò sì rún wómúwómú. Bob ro ayọ̀ ọkọ̀ náà, ó ro ọjọ́ ogbó rẹ̀. Kò fa ọ̀pá náà.

Gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò sọ pé ìkà ni Bob. Nígbà náà ni Singer yíjú sí òǹkàwé: ìwọ tí o ní 200 dọ́là tí o lè fi ránṣẹ́ sí UNICEF kí ọmọ kan má bàa kú, tí o fi ra ohun tí o kò nílò, kí ni ìyàtọ̀ ìwọ àti Bob?

Èmi kò lè bá ọkùnrin yìí jiyàn lórí Bob. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àwọn tí ó kọ ọ́ sí jẹ́ àwọn tí ọmọ orí rélùwéè náà jẹ́ àjèjì sí. Ó ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó lè fojú inú rí i. Àwa ńkọ́? Àwa mọ orúkọ ọmọ náà. Ọmọ náà ní nọ́ńbà fóònù wa. Aago mẹ́ta òru ni ó máa ń pè, nítorí ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́ ní Nàìjíríà. Bí kì í bá ṣe owó ilé ẹ̀kọ́, owó oògùn ni. Bí kì í bá ṣe oògùn, onílé ti fún wọn ní ìwé kí wọ́n kó jáde. Rélùwéè kan kì í tíì kọjá tán kí òmíràn tó fọn fèrè.

Bí a bá sì gba ọ̀rọ̀ Singer bí ó ti rí, kì í ṣe MGB nìkan ni a kò ní rà. A kò ní ra aṣọ òkè, a kò ní dá aṣọ ẹbí, a kò ní gba gbọ̀ngàn fún ìkómọjáde. Ẹnì kan wà nínú àwọn tí ó pariwo jù lórí ọ̀rọ̀ MGB tí ó ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún ní ọdún tó kọjá, ìnáwó alẹ́ ọjọ́ kan yẹn kò sì kéré sí owó ọkọ̀ tí alàgbà ń wá. N kò dárúkọ. Èmi náà jẹ ìrẹsì níbẹ̀, mo sì gba abọ́ kan lọ sílé. Ìyẹn kò dá alàgbà láre, nítorí àṣìṣe ẹnì kan kì í ṣe ìwé àṣẹ fún ẹnì kejì. Mo kàn fẹ́ kí a mọ̀ pé gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ibi tí mo dúró sí jù nínú ìtàn náà ni ọwọ́ Bob. Kí ni ó dì í mú? Ẹni tí ó bá yára yóò sọ pé ìfẹ́ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Ayọ̀ nìkan kọ́ ni Bob rò, ó ro ọjọ́ ogbó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ayọ̀ nìkan ni ọkọ̀ náà jẹ́, ì bá sunkún lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì máa bá ìgbésí ayé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ di ọ̀pá tí yóò fi tilẹ̀ lọ́jọ́ ogbó. Ohun tí ènìyàn fi ń tilẹ̀ kì í ṣeé jù sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Mo ní ẹ̀rí tèmi lórí èyí. Ní ọdún 1997, ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti ilé pé ọmọ òun já bọ́ láti orí igi, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́, a sì ní láti sanwó kí iṣẹ́ abẹ tó lè bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò sí owó lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Owó náà ti bá ilẹ̀ kan lọ tí mò ń san díẹ̀díẹ̀ nítorí ọjọ́ ogbó mi, bí n kò bá sì san ti oṣù náà, mo lè pàdánù rẹ̀. Mo san owó ilẹ̀. Ọmọ náà yè. Àwọn tí ń to eegun ní abúlé ni ó tọ́jú ẹsẹ̀ náà, kò sì tò dáadáa. Ó ti di géńdé báyìí. Nígbàkígbà tí mo bá dé ilé, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ẹsẹ̀ kan kì í sì í tẹ̀. N kò ní ọkọ̀ spọ́ọ̀tù kankan nígbà náà. Toyota ni mò ń wà.

Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí a há alàgbà wa mọ́ igun ní ìpàdé yẹn, tí ó sì dáhùn pé, "Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ìnákúnàá. Òwò ni. Ọkọ̀ àtijọ́ ń gbówó lórí lọ́dọọdún." Gbogbo ilé sì dákẹ́, wọ́n ń mi orí, bí ẹni pé a ti rí ìdáláre. Fún èmi, ibẹ̀ gan-an ni ewu ti wọlé. Ó ti sọ ìfẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà fún wa tán, a gbádùn rẹ̀. Ìgbà tí ojú ń tì í ni ó wá wọ aṣọ oníṣòwò fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo òwò náà bí ó ti rí. Lóòótọ́ ni pé ní ọdún 2018 a ta Ferrari 250 GTO kan ní California ní iye tí ó ju mílíọ̀nù 48 dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n 36 péré ni a ṣe nínú irú rẹ̀, nígbà tí MGB ju ìdajì mílíọ̀nù. Àní Ferrari pàápàá ti já àwọn ènìyàn kulẹ̀ rí. Nígbà tí Enzo Ferrari kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, owó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ fò sókè, àwọn ènìyàn sì ń yá owó ní báńkì láti rà wọ́n ní ìrètí pé wọn óò tún tà á lọ́la. Nígbà tí ó di ọdún 1990, ọjà náà wó lulẹ̀. Ọkọ̀ kúrò nílé, gbèsè kò kúrò.

Ní ti MGB, ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Ẹni tí ó ra èyí tí ó ti bàjẹ́ ní owó pọ́ọ́kú, tí ó wá ń tún un ṣe, sábà máa ń ná ju iye tí yóò tà á lọ. Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò jókòó ṣírò owó rẹ̀. Ẹ wo Lúùkù orí 14. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń kìlọ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀ pé kí ó ra èyí tí ó dára jù lọ tí agbára rẹ̀ ká, kí ó má ra èyí tí ó pọ́ọ́kú jù lọ. Ẹ́ńjìnnì ṣeé túnṣe. Ọ̀dà ṣeé kùn. Ìpáàrà ni ọ̀tá.

Nígbà tí mo wà ní ilé tí mo ń ka Mátíù orí 6, níbi tí Jésù ti kìlọ̀ nípa ìṣúra ayé, kòkòrò ni mo mọ̀ jù nínú àwọn ohun tí ó dárúkọ. Chicago ni ó kọ́ mi ní ìpáàrà. Iyọ̀ tí ìjọba ń dà sójú títì nítorí yìnyín máa ń wọ abẹ́ ọkọ̀, yóò sì jẹ irin náà láti inú wá, títí tí ilẹ̀ ọkọ̀ yóò fi lu bí ajere. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ yóò wá fi pọ́tì dí ihò, wọn yóò fi ọ̀dà tuntun bò ó, yóò máa dán. Ẹni tí ó bá ń lọ wo ọkọ̀ àtijọ́, kí ó mú òòfà kékeré kan dání, kí ó fi aṣọ wé e, kí ó máa gbé e ka ara ọkọ̀ náà. Níbi tí irin bá wà, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Níbi tí ó bá jẹ́ pọ́tì, yóò já bọ́. Kí ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Kí ó fi nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára ọkọ̀ wé ti inú ìwé rẹ̀. Ìjọba Illinois a sì máa fún ọkọ̀ tí ó bá ti ju ọdún 25 lọ ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Irú ọ̀kan wà tí ó gba ènìyàn láàyè láti wà á bí ó ti wù ú láti oṣù kẹrin títí dé òpin oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá dé òpin oṣù kẹta, kìkì ibi àfihàn ọkọ̀ tàbí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ó lè gbé e lọ. Ìjọba pàápàá mọ̀ pé ohun ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni.

(Bí ó bá jẹ́ èmi ni, Mazda Miata ni n óò rà. Chicago níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn aráyé, ní àfihàn ọkọ̀ ti oṣù kejì ọdún 1989. Ó jọ àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ṣùgbọ́n kì í jo epo sílẹ̀ bíi tiwọn, òun náà sì ti gbó tó láti gba nọ́ńbà àtijọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún alàgbà. Ó ní dókítà Mọ́kọ́lá kò wa Miata.)

Àwọn baba wa mọ irú ohun ìní yìí. Ẹṣin ni. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí pápá wà, ẹṣin jẹ́ ohun èlò ogun. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ igbó, eṣinṣin burúkú kan wà tí í máa pa ẹṣin, tí kì í jẹ́ kí ó pẹ́ láyé. Síbẹ̀ àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ igbó ń ra ẹṣin nítorí ọlá àti ẹwà rẹ̀. N kò rò pé ẹnì kankan nínú wọn sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òwò ni.

Nígbà náà, ṣé a lè ra ohun kan nítorí ẹwà nìkan, kí a sì pè é bẹ́ẹ̀ láìtijú? Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì nínú ìwé kìíní, orí 5, pé ẹni tí kò bá pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Ìyẹn le, kò sì sí bí a ṣe lè rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní orí kẹfà ìwé kan náà, níbi tí ó ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́rọ̀, ó wá sọ pé Ọlọ́run ń fún wa ní ohun gbogbo kí a lè gbádùn wọn. Ohun tí ó kìlọ̀ fún wọn nípa rẹ̀ ni kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọrọ̀. Mo ti ń ka ẹsẹ yẹn láti ìgbà èwe, n kò rí i pé ó ya ìgbádùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbẹ́kẹ̀lé àfi ìgbà tí mo ronú kan Bob.

Ẹnì kan yóò rán mi létí òróró Màríà ní Jòhánù orí 12, èyí tí ó tó ọ̀ọ́dúnrún owó idẹ, tí ẹni tí ó bèèrè ìdí tí a kò fi tà á fún àwọn tálákà sì jẹ́ Júdásì. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì bẹ̀ yín kí a má lò ó ní ìlòkulò. Ẹsẹ̀ Olúwa ni Màríà da òróró sí, kò dà á sórí ara rẹ̀. Èyí tí mo rí mú níbẹ̀ kò ju pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi kànga abúlé dẹ́rù bà wá ni kànga náà wà lọ́kàn rẹ̀.

Ìtàn ìlú wa kan wà tí ó dára fún èyí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1964, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan, ọmọ ọdún 22, wọ ilé ìtajà Johnson Ford ní òpópónà Cicero ní Chicago níbí. Ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ṣí ni ó fẹ́. Kò sí ọ̀kan níta. Olùtajà mú un lọ sẹ́yìn, ó sì ká aṣọ kúrò lórí ọ̀kan tí àkókò àtità rẹ̀ kò tíì tó: Mustang, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ọjọ́ méjì sí i ni Ford fi Mustang han gbogbo ayé. Obìnrin náà, Gail Wise, yá owó lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ó san 3,447 dọ́là àti sẹ́ǹtì 50, ó sì wà á lọ sílé. A gbà lónìí pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ra Mustang ní Amẹ́ríkà. Ó wà á fún ọdún 15, ó fi gbé ọmọ mẹ́rin, iyọ̀ ìlú yìí jẹ ẹ́ bí ó ti ń jẹ tiwa. Nígbà tí ó bàjẹ́ ní 1979, ọkọ rẹ̀ tì í sínú ilé ọkọ̀, ó ní òun yóò tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà di ọdún 27. Ìgbà tí baba náà fẹ̀yìn tì ni ó tó dé orí rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti wá níye lórí gidigidi, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún 15 yẹn tí obìnrin náà tìtorí ìyẹn wà á. Ó rà á nítorí ó wù ú.

Ọ̀nà kejì náà wà nítòsí wa. Nínú fíìmù kan tí a ṣe ní àgbègbè yìí, tí ó jáde ní ọdún 1986, Ferris Bueller's Day Off, baba kan ní Highland Park ní Ferrari tí ó ń nù, tí ó ń ka máìlì rẹ̀, tí kò sì jẹ́ wà. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé baba òun fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju òun lọ. Ó fi ìbínú tàpá sí i títí tí ó fi já bọ́ láti inú ilé onígíláàsì sínú àfonífojì. Kì í ṣe ojúlówó Ferrari ni àwọn tí ó ṣe fíìmù náà jẹ́ kí ó já bọ́, ayédèrú rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn nìkan ni kì í ṣe ayédèrú. Kì í ṣe gbogbo ọmọ orí rélùwéè ni ó wà ní Nàìjíríà.

Mo pe alàgbà lórí fóònù lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ sọ fún ìyàwó yín ná. Ẹ má ṣe sọ pé òwò ni. Ẹ sọ ti igbá ẹ̀kọ." Mo bi í léèrè iye tí ó lè ná tí kò ní kan owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tí ó bá sì sọnù lọ́la, kò ní lọ yá owó. Ó dárúkọ iye kan. Mo ní, bí ó bá jẹ́ pé ìpè dé láti ilé lóru, ìpè gidi, ṣé ó lè tà á ní òwúrọ̀, kódà ní ìdajì owó? Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, "Èwo ni ìpè gidi?" N kò rí èsì fún un. Ọdún yìí nìkan, àbúrò mi kan ti pè mí pé kí n fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, kì í sì í ṣe ọkọ̀ àtijọ́ ni ó fẹ́. Ilé iṣẹ́ Mercedes ta ọkọ̀ àtijọ́ kan ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ní mílíọ̀nù 135 owó Yúróòpù, wọ́n sì fi owó náà dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Mo sọ ọ́ fún un gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ rere. Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ ọkọ̀ náà: méjì ni wọ́n ṣe, wọ́n sì fi èkejì pa mọ́ sílé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, a lọ wo MGB kan, pupa, ní ìgbèríko kan ní ìwọ̀ oòrùn ìlú. Ìyàwó rẹ̀ bá wa lọ. Òun ni ó mú òòfà dání, ó ti fi gèlè àlòkù kan wé e. Ọkọ̀ náà ń dán bí ojú digí. Òòfà já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Alàgbà fọwọ́ ra ìdarí rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, a sì padà. Ìyá ni ó wakọ̀ bọ̀. Nígbà tí a dé ojú títì ńlá, ìyá náà bèèrè bóyá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa wà ní àwọ̀ ewé.